Ìfẹ́ tó lẹ́sẹ̀: kí ni ṣọ́ọ̀ṣì yín ń ṣe fún ara wọn níbí?

Ọmọ Ìjerò, Manchester:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú òtútù. Pásítọ̀ wa ní kí èmi àti àwọn mẹ́ta wá bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lè fi ìfẹ́ hàn ní ìṣe, kó má jẹ́ ẹnu lásán. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ká máa se ráìsì lẹ́ẹ̀kan lóṣù ká pín in lẹ́yìn ìsìn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ pé ìyẹn tó. Kí lẹ ń ṣe lọ́dọ̀ yín?

Ọmọ Ìkòlé, Leeds:
Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ Olúwa. Ráìsì dáa, ẹ sè é, àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kì í dúró gba ráìsì. Ẹ mọ irú ènìyàn tí ọmọ Èkìtì jẹ́, ẹni tó jẹ́ tíṣà àgbà nílé kó tó wá síbí, ẹ ní kó tò sórí ìlà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé? Kò ní ṣe é, ebi ì báà máa pa á.

Ìgbà òtútù èṣí, obìnrin kan wà láàárín wa tó bá físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà wá, ilé iṣẹ́ tó mú un wá wá pàdánù láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, ni lẹ́tà bá dé pé ọjọ́ 60 ló ní láti rí ẹlòmíì tó máa gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó padà sílé. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ń bá àwọn akọrin kọrin, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, gbogbo wa ń dì mọ́ ọn, à ń sọ pé "tẹ́ ẹ bá nílò ohunkóhun ẹ pè wá o". Ta ló fẹ́ pè? Lọ́jọ́ kan òjò ń rọ̀, mo fi mọ́tò gbé ọmọ rẹ̀ délé, mo wọlé, òtútù inú ilé yẹn ju ti ìta lọ. Ọmọ náà ò bọ́ aṣọ òtútù ọrùn rẹ̀, ó kàn lọ jókòó sídìí tábìlì ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Mo yọjú wo mítà gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òdo. Kódà díẹ̀ tí mítà máa ń yáni ní pàjáwìrì, ó ti lò ó tán.

Mo sunkún nínú mọ́tò. A fẹ́ràn obìnrin yìí o, àmọ́ ìfẹ́ wa ò lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkòlé, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti pín àwọn opó láàárín ara wọn, méjì wà lọ́wọ́ màmá mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa màá ti gbé iṣu mẹ́ta sínú agbọ̀n, màá fi ewé bò ó, ó di ẹ̀yìnkùlé màmá opó yẹn, màá gbé e kalẹ̀ màá sáré padà. Mi ò gbọdọ̀ dúró gba "o ṣeun". Màmá mi ní tí mo bá dúró, mo ti sọ iṣu di gbèsè sí wọn lọ́rùn.

Ohun tá a gbé wá sí Leeds nìyẹn. A pín ìdílé inú ìjọ ní márùn-ún márùn-ún, ẹnì kan ló ni márùn-ún yẹn, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ fún kọmítì. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, nígbà tí wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan níbi ìpín oúnjẹ, ọkùnrin 7 ni wọ́n yàn, orúkọ wọn ṣì wà nínú Bíbélì dòní. Ẹni tó ni ìdílé márùn-ún yìí máa lọ sílé wọn, kò ní máa fi WhatsApp kí wọn. Kò sì ní bi wọ́n pé "ṣé ẹ nílò nǹkan?", ohun tó máa sọ ni "mò ń lọ sọ́jà ní Sátidé, mélòó nínú iṣu ni kí n bá yín mú?" tàbí "ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mítà yín, mo fẹ́ lọ rọ owó sí tèmi náà".

Ọmọ Adó, Birmingham:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ débi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí àìmọ̀ náà ń fìyà jẹ àwọn èèyàn wa. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá gba oúnjẹ ní food bank, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún aláìní, yóò ba físà wọn jẹ́. Rárá o. "No public funds" tí wọ́n kọ sí físà wọn, owó ìjọba bíi Universal Credit ló ń sọ, food bank àti ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì bá fún yín ò sí níbẹ̀. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, náà ní England ò gbọdọ̀ lé èèyàn torí pé kò ní ìwé àdírẹ́ẹ̀sì tàbí pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ bá wọn lọ. Ọmọ tó wà ní Reception, Year 1 tàbí Year 2 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí díákónì má sọ ara rẹ̀ di lọ́yà físà. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí físà ń rú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá lọ́yà gidi tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, OISC là ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ṣọ́ọ̀ṣì bá wọn dá sówó rẹ̀.

Ọmọ Ìjerò, Manchester:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Owó wá ńkọ́? Àwa ò ju ogójì lọ.

Ọmọ Ìkòlé, Leeds:
Ẹ ya àpò kan sọ́tọ̀, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí ẹ ka iye tó jáde sétí ìjọ, orúkọ ẹni tó gbà á ni kẹ́ ẹ má kà láéláé. Tí ṣọ́ọ̀ṣì yín bá ti wà lórí Gift Aid lọ́dọ̀ HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba, tí ẹni tó ń fi ọrẹ sílẹ̀ bá ń san owó orí tó sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ìjọba máa fi 25p kún gbogbo £1. Tiwa wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún torí kò sẹ́ni tó jókòó kọ ọ́, owó yẹn ló ń rọ mítà báyìí.

Àmọ́ ẹ má dúró de owó. Ẹni tẹ́ ò rí ní Sunday méjì tó kọjá, ẹ gbé kúlà iyán lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá ń wọlé kẹ́ ẹ yọjú wo mítà.