Àwo tuntun Iron Maiden: ṣé etí mi ló ti gbó, àbí orin náà ló gùn jù?

Ọmọ Leyton béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí Senjutsu, àwo tuntun Iron Maiden, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì líle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti jáde ní 3 Oṣù Kẹsàn-án 2021, ọkàn mi kò sì balẹ̀ lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn kí Sátidé tó ń bọ̀ yìí tó dé.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí àwọn òbí mi kó mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti Abẹ́òkúta ní 1985. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní òkè ilé wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì Powerslave, àwo wọn kan. Ẹ̀rọ wa máa ń jẹ tẹ́èpù, èmi àti ẹ̀gbọ́n yóò sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, a ó máa fi bírò ká a padà díẹ̀díẹ̀, a ó máa gbàdúrà kí ó má já. Láti ìgbà náà, kò sí àwo Maiden kankan tí a kò jọ gbọ́, títí kan àwọn méjì tí akọrin wọn àtijọ́, Blaze Bayley, kọrin nínú wọn ní 1995 àti 1998, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ dárúkọ. Leyton tí mò ń gbé yìí náà ni Steve Harris ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì 1975, bí mo bá sì ń lọ sí Stratford, mo máa ń kọjá níwájú Cart and Horses, ilé ọtí tí wọ́n ti ń ṣeré nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wọ́n. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àlejò ló ń sọ̀rọ̀.

Àṣà wa ni pé bí àwo tuntun bá ti jáde, àwa márùn-ún máa ń pàdé ní ilé ẹ̀gbọ́n. A ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹni tó kéré jù lọ yóò kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́, kí ọ̀rọ̀ àgbà má baà dí i lẹ́nu. Èmi ni mo kéré jù. Ìpàdé ti ọdún yìí pẹ́ nítorí àrùn Kòrónà tó wọ ilé ọ̀kan nínú wa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò lè mú un mọ́ra. Ó ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí wa pé láti orí àwo Seventh Son of a Seventh Son ti 1988, wọn kò tíì ṣe irú èyí.

Èmi kò gbọ́ ohun tí ó gbọ́. Orin mẹ́wàá péré ló wà níbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 82, tí wọ́n pín sórí àwo CD méjì. Bẹ́ẹ̀, Powerslave, tó jáde ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹsàn-án kan náà ní 1984, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 51 lọ, tòun ti Rime of the Ancient Mariner tó gba ìṣẹ́jú 13 ó lé nínú rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti gbé àwo kejì Senjutsu sí i, ìgbà mẹ́ta ni oorun gbé mi lọ kí ó tó parí. Ohùn Bruce Dickinson, akọrin wọn, ń dà bí ti ẹni tó ru ẹrù gun òkè, kíbọ́ọ̀dù sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí omi tó rin ẹní. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé ìdájọ́ mi tọ́, àbí ọmọ ọdún 13 yẹn ni mò ń wá kiri inú àwo tuntun tí n kò rí i? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹni tó fi orin yìí mọ̀ mí?

Àjàní Onígìtá fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Apá kan nínú ìdájọ́ yín tọ́, ṣùgbọ́n ẹ dì í pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí a tú u. Ẹ wo orúkọ àwọn tó kọ orin lẹ́yìn páálí àwo náà. Orin mẹ́rin ni Steve Harris dá kọ: Lost in a Lost World, Death of the Celts, The Parchment àti Hell on Earth. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn tẹ̀ léra wọn ní ìparí àwo kejì, àròpọ̀ wọn sì lé ní ìṣẹ́jú 34. Ibẹ̀ ni oorun ti ń gbé yín. Mo ti fi gìtá tèmi tẹ̀ lé wọn. Wọn a kọ́kọ́ máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, Dickinson a rọra kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìlù Nicko McBrain yóò já wọlé, gìtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì di ohùn orin kan mú, wọn a tún un ṣe, wọn a sì tún un ṣe. Bí orin bá fẹ́ parí, a tún padà sí jẹ́jẹ́ tí a ti bá bọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó dùn. Ní ìgbà kẹrin nínú àwo kan ṣoṣo, ènìyàn ti mọ ibi tí ọ̀nà máa yà kí ó tó débẹ̀. Death of the Celts tilẹ̀ jọ The Clansman, orin wọn ti 1998, débi pé mo rò pé mo ṣèèṣì gbé àwo mìíràn sí i ni.

Ẹ wá wo mẹ́ta tí Adrian Smith, ọ̀kan nínú àwọn onígìtá wọn, àti Dickinson jọ kọ: The Writing on the Wall, Days of Future Past àti Darkest Hour. Kò sí èyí tó dé ìṣẹ́jú 8 nínú wọn, èyí àárín kò sì ju ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí Sátidé bá dé, ẹ má sọ pé àwo náà gùn jù. Ẹ dárúkọ orin, kí ẹ sì dárúkọ ìṣẹ́jú.

Ìyá Rọ́ọ̀kì ti Peckham fèsì:

Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún orin ìṣẹ́jú 12, ta ló tọ́ yín dàgbà? Bí bàbá mi bá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé sí i ní ọjọ́ Àìkú, ojú kan rẹ̀ lè má ní àlàfo kankan: orin kan á wọnú èkejì, èkejì á wọnú ẹ̀kẹta, ó lè tó ìṣẹ́jú 18, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wa sọ pé ó gùn. Oúnjẹ wà lórí tábìlì, àlejò ń wọlé, àwọn ọmọdé ń jó. A kò káwọ́ sáyà bí adájọ́. Àṣà gbígbọ́-láìsọ̀rọ̀ tí ẹ ń dá yìí lè bá àwo ìṣẹ́jú 40 mu, ṣùgbọ́n ó ń pa àwo ìṣẹ́jú 82. Ẹ lọ gbé àwo kejì yẹn sí i nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná, kí ẹ wá sọ fún wa ibi tí ọwọ́ yín ti dúró.

Àjàní Onígìtá fèsì:

Ìyá wa, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n àfiwé yín kò bá wa dé ilé. Nínú jùjú, bí gìtá bá ń tún ohun kan náà ṣe, gángan ń sọ̀rọ̀ mìíràn, olórin ń ki ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ ijó ń yí padà. Nínú The Parchment, gìtá ń tún ara rẹ̀ sọ, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ìyá Rọ́ọ̀kì ti Peckham fèsì:

Lórí The Parchment nìkan ni mo gbà fún yín.

Akọrin Ìjọ fèsì:

Ẹgbẹ́ akọrin ni mò ń darí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ohùn ni mo máa dá sí. Dickinson pé ọmọ ọdún 63 ní oṣù tó ṣáájú ìjáde àwo yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015 ni gbogbo ayé gbọ́ pé àrùn jẹjẹrẹ wà ní ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀, ó sì gba ìtọ́jú tó le. Òótọ́ ni pé The Book of Souls, àwo wọn tó ṣáájú Senjutsu, jáde ní ọdún yẹn gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà á sílẹ̀ kí ìtọ́jú náà tó bẹ̀rẹ̀. Senjutsu, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Paris ní 2019, ni àwo Maiden àkọ́kọ́ tí ọ̀fun tó ti la ìtọ́jú yẹn kọjá máa kọ. Ẹni tó bá ń fi ohùn 1984 wọ̀n ọ́n, ọ̀fun ẹlòmíràn ló fi ń wọ̀n ọ́n.

N kò ní kí ẹ ṣàánú rẹ̀ o. Ẹ fetí sí i níbi tó ti ń kọrin nísàlẹ̀, bí ìbẹ̀rẹ̀ Darkest Hour: ohùn náà nípọn, ó sì kún ju ti ìgbà èwe rẹ̀ lọ. Ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ́ ni ibi tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sínú ìlà kan, tí wọ́n sì ní kí ó bá gìtá lọ sókè. Bí mo bá ní akọrin ohùn òkè tó ti lé ní 60, èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ orin kalẹ̀ fún un. Bí n kò bá sọ ọ́ kalẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì já níwájú ìjọ, èmi ni kí wọ́n bá wí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi Harris àti Kevin Shirley, àwọn méjèèjì tó darí ìgbasílẹ̀ náà, kí ẹ tó dá ọ̀fun lẹ́bi.

Ọmọ Ọdún 24 fèsì:

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà. Senjutsu ni àwo Maiden àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tán, n kò ní 1984 kankan létí. The Writing on the Wall ló mú mi, nítorí mo rántí ọwọ́ tó kọ̀wé sára ògiri nínú ìwé Dáníẹ́lì tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí gìtá Adrian Smith bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀, bọ́ọ̀sì mi dé, mo sì jẹ́ kí ó lọ.

Bàbá Kékeré fèsì:

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ orin, ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè kejì. Arákùnrin mi, ẹ fi ìbéèrè ṣe ìdájọ́ yín. Ẹ sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí ẹ gbọ́ nínú Death of the Celts hàn mí, nítorí etí mi kò gbé e.” Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti sọ òtítọ́, ẹ kò sì rí àgbà fín.

Akọrin Ìjọ fèsì:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin pé kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wá ń fi ìbéèrè yí i ká, òfin rẹ̀ ni ẹ rí fín. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i bí ẹ bá ti wọlé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́.

Ọmọ Leyton padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ní Ọjọ́rú, mo gbé àwo kejì sí i nígbà tí mo ń bó ẹ̀wà àkàrà, gẹ́gẹ́ bí Ìyá ti wí. Death of the Celts kọjá, n kò mọ̀ pé ó ti kọjá. The Parchment náà dé, mo ń da èèpo nù ní tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hell on Earth kúrò nínú jẹ́jẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀, tí ìlù wọlé, tí gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹṣin, ọwọ́ mi dúró nínú omi, n kò sì yọ ọ́ títí ó fi kù sí gìtá jẹ́jẹ́ yẹn nìkan. Oorun tí mo ti ń sùn ni kò jẹ́ kí n dé ibẹ̀ rí.

Ní Sátidé, mo sọ ọ́ bí Àjàní ti wí, mo dárúkọ orin, mo sì dárúkọ ìṣẹ́jú. Ní ti ohùn, mo yí ọ̀rọ̀ mi padà, mo ní kí wọ́n sọ orin kalẹ̀ fún bàbá náà. Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò wò mí. Nígbà tí mo dé orí Death of the Celts àti The Parchment, ó ní, “Ta ló ní kí o máa gbọ́ ìyẹn? Láti Darkest Hour, Hell on Earth ni mo máa ń bọ́ sí.” Àwa yòókù wo ara wa. Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀: àwo tí ẹ̀gbọ́n ń yìn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 59 lọ. Ó ṣì dúró lórí 1988 rẹ̀. Èmi fi í sí ẹ̀yìn Brave New World ti 2000, a sì jà lórí ìyẹn títí di aago méjìlá òru.

Ìyá Rọ́ọ̀kì ti Peckham fèsì:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀gbọ́n yá yín ní kásẹ́ẹ̀tì Powerslave ní 1985, n kò sì rí ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ dá a padà.