Ẹni tí a jọ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì fárí, ó lọ di mọ́ǹkì ẹ̀sìn Búdà. Ẹ gbà mí níyànjú

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ káàárọ̀ o. Mi ò fojú kan oorun mọ́jú. Chiang Mai ní Táílàǹdì ni mo ti ń kàwé. Èmi àti ọmọkùnrin Táílàǹdì kan la jọ ń gbé yàrá, àwa náà la jọ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì. Ojú mi ti rí tó. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, ìkòkò mi ló fi ń se ìrẹsì tó ń bù fún àwọn mọ́ǹkì tó ń fẹsẹ̀ lásán kọjá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Mi ò gbọdọ̀ pa aáyán nínú yàrá tí mo sanwó rẹ̀, á ní mo ń kó bap jọ, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo ra ẹja àrọ̀ láàyè, mo fẹ́ fi se ọbẹ̀. Ó bẹ̀ mí títí, ó rà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ dà sódò Ping! Ẹja àrọ̀ tó sanra! Ó ní ìdánwò ń bọ̀, bun, ìyẹn èrè iṣẹ́ rere, lòun ń wá.

Ní báyìí, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ká fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gbẹ́ni fárí, ó fá irun òkè ojú mọ́ ọn, ó wọ aṣọ aláwọ̀ atalẹ̀ pupa, ó di mọ́ǹkì. Ṣé kò yẹ kí n fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Ìyá Ìbejì: Ṣé ó ń fọ ìkòkò yẹn? Èmi àti ẹnì kan jọ gbé yàrá ní Peckham nígbà kan, gààrí mi ni kì í jẹ́ kó kún. Ọdún méjì gbáko! Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Àánúolúwa: Àbúrò, ra ìkòkò tuntun. Oúnjẹ òrìṣà ni wọ́n ń sè nínú ẹ̀.

Alfa Kékeré: Òrìṣà wo? Èèyàn ni mọ́ǹkì, tí ọ̀sán bá sì ti pọ́n, kò ní fẹnu kan oúnjẹ mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Bun yẹn, láádá ni. Ṣé ìwọ kì í san ìdámẹ́wàá kí Ọlọ́run lè gbé ẹ ga ni?

Àánúolúwa: Ẹ má fi ìdámẹ́wàá wé ìyẹn o, Alfa.

Ará Bangkok Tẹ́lẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Mo gbé ibẹ̀ fọ́dún mẹ́fà. Ọmọkùnrin tó bá ti pé ogún ọdún, àwọn òbí a máa retí kó ṣe mọ́ǹkì fúngbà díẹ̀. Bhumibol, ọba wọn nígbà náà, ṣe é fún ọjọ́ 15 lọ́dún 1956. Òfin àwọn mọ́ǹkì ibẹ̀ kò gba obìnrin, torí náà ọwọ́ ọmọkùnrin ni ìyá ń wò: wọ́n ní etí aṣọ ọmọ ni yóò dì mú gòkè ọ̀run. Ṣùgbọ́n ìgbà ìsinmi làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe é. Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò yìí? Ọjọ́ mélòó ló ní òun máa lò? Ta ló kú nílé wọn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, ó ń fọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ wò ó, oṣù tó kọjá mo ní kó bá mi sọ fún olùkọ́ pé ara mi ò yá, ó kọ̀! Ó ní irọ́ wà nínú nǹkan márùn-ún tí àwọn kì í ṣe. Ṣé ọ̀rẹ́ nìyẹn?

Ará Bangkok Tẹ́lẹ̀: O ò dáhùn. Ta ló kú?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bàbá rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni, títí wọ́n á fi sun òkú.

Ìyá Ìbejì: Háà! Bàbá ọmọ kú, ọ̀rọ̀ ẹja àrọ̀ lò ń sọ fún wa láti àárọ̀?

Alfa Kékeré: Apá tiẹ̀ nínú pírójẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó ti parí ẹ̀ kó tó lọ. Tèmi ló kù. Inú ló bí mi. Mo ti kọ̀wé sí olùkọ́ lálẹ́ àná pé kò ṣe nǹkan kan.

Àánúolúwa: Jésù! Lọ kọ òmíràn kíá.

Ìyá Ìbejì: Irọ́ tó ní òun ò lè pa fún ẹ, ìwọ wá pa á mọ́ ọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo ti ń kọ ọ́. Kí ni wọ́n máa ń mú lọ síbi òkú wọn?

Ará Bangkok Tẹ́lẹ̀: Wọ aṣọ dúdú, fi owó sínú àpòòwé. Tó o bá bá a nínú aṣọ mọ́ǹkì, má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, kó o tẹrí ba. Òun ò ní tẹrí ba padà. Kì í ṣe pé ó ń bínú.