Incurvicervicum: “ti àwọn ọrùn” kọ́ ló túmọ̀ sí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ Látìnì kan, incurvicervicum, tí Pacuvius, akéwì Róòmù tó ń kọ eré orí ìtàgé, fi pe àwọn dọ́fínnì, ló wà nílẹ̀, ìbéèrè méjì sì ni: ṣé “ti àwọn ọrùn títẹ̀” ló túmọ̀ sí, àti ṣé ẹran tó ń tẹ ọrùn ara rẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n wa tó ní incurvicervicum túmọ̀ sí “ti àwọn ọrùn títẹ̀” rí ohun kan tó jọ òótọ́, torí cervicum ni àwọn ará Róòmù ń kọ tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ọrùn. Ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ ọn. Abo ni cervix, ìyẹn ọrùn, nínú gírámà Látìnì. Ká ní ti ọ̀pọ̀ ọrùn ni, incurvarum cervicum ni akéwì ì bá kọ, ní ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́tà i tó wà láàárín incurv- àti cervicum yẹn kàn so apá méjèèjì pọ̀ ni.

Gbólóhùn náà rèé: Nerei repandirostrum incurvicervicum pecus. Pacuvius, ọmọ Brundisium tí wọ́n bí ní 220 ṣáájú Kristi, ló kọ ọ́. Òrìṣà òkun ni Nereus. Pecus ni agbo ẹran rẹ̀, ìyẹn àwọn dọ́fínnì. Pecus yìí kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, ẹyọ sì ni. Òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àpèjúwe méjèèjì fi -um parí.

Ìbéèrè kejì ló dùn mọ́ mi jù: ṣé ẹran tó ń tẹ ọrùn ara rẹ̀ ni? Kì í ṣe ìbéèrè yẹpẹrẹ, torí Pacuvius yìí náà ló pe ọ̀rọ̀ sísọ ní flexanima, èyí tó ń yí ọkàn ẹni padà. Ìṣe wà nínú ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo repandirostrum tó ṣíwájú. Repandus ni ohun tó tẹ̀ sókè. Dọ́fínnì kì í tẹ ẹnu rẹ̀ sókè, bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó tọ́ ká ka èkejì bákan náà: ẹlẹ́nu títẹ̀sókè, ọlọ́rùn títẹ̀. Iṣẹ́ tí oní- ń ṣe fún àwa náà nìyẹn.

Quintilian, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn Kristi, ní kyrtauchena ti Gíríìkì, tó túmọ̀ sí “ọlọ́rùn títẹ̀” bákan náà, wu àwọn, ṣùgbọ́n agbára káká làwọn fi lè gba incurvicervicum lọ́wọ́ ẹ̀rín. Ìdájọ́ yẹn le jù lójú mi. Irú àkànpọ̀ kan náà ni magnanimus, “ọlọ́kàn ńlá”, tí Virgil, akéwì ńlá Róòmù, fúnra rẹ̀ lò. Gígùn ló kó bá ọ̀rọ̀ Pacuvius: sílébù mẹ́fà, lẹ́yìn márùn-ún ti repandirostrum, láìsí ibi tí òṣèré ti lè mí.