Ẹ̀rọ wo ló lè sọ fún wa pé ọbẹ̀ àti wàrà inú fíríìjì ṣì dára?

Ìyá Àlí, Tanke
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ìlọrin yìí kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú fíríìjì ṣì ṣeé jẹ. Owó ọjà ò kéré, ó sì ń dunni láti da oúnjẹ nù. Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń gbóòórùn oúnjẹ tó ti bàjẹ́, MQ-135. Ṣé ó ṣeé gbára lé fún ẹja, ọbẹ̀ àti wàrà dídì? Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa.

Ẹlẹ́rọ Gáà Àkànbí
Ìyá Àlí, ẹ má náwó sí MQ-135. Ó ń gbóòórùn amóníà, ọtí àti èéfín, ṣùgbọ́n kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Amóníà wà nínú òórùn irú tó dára: ẹ gbé irú síbẹ̀, ó lè ní ẹja ti rà. Òtútù àti ọ̀rinrin fíríìjì náà ń yí ohun tó ń kà padà. Èyí tó burú jù ni pé kòkòrò àìsàn bíi Salmonella lè pọ̀ nínú oúnjẹ, kó má rùn rárá.

Bí fíríìjì ṣe tutù tó àti iye wákàtí tí kò fi tutù ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Kí fíríìjì má kọjá 4°C, kí firísà wà ní -18°C. Ẹ ra DS18B20, sẹ́ńsọ̀ onírin tó ń wọn òtútù tí omi kì í wọ̀, ESP32 kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ní Wi-Fi, àti résísítọ̀ 4.7 kΩ. Lára ESP32, ẹ so wáyà pupa mọ́ ojú tí wọ́n kọ 3V3 sí, dúdú mọ́ GND, yẹ́lò mọ́ GPIO 4. Résísítọ̀ á wà láàárín pupa àti yẹ́lò. Ẹ ti irin náà bọ ìgò omi kékeré, kẹ́ ẹ gbé e sáàárín fíríìjì. Bó bá wà lásán, gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ṣílẹ̀kùn ló máa pariwo. Ẹ kọ́kọ́ ti irin náà bọ omi tó kún fún yìnyín: nǹkan bí 0 ló yẹ kó kà. Bó bá kọ -127, wáyà ti já tàbí résísítọ̀ kò sí níbẹ̀. Bó bá dúró lórí 85, ó lè jẹ́ pé iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ ti sọ ọ́ ire, àfi ti iná. Ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ gan-an la nílò ẹ̀rọ yìí, ìgbà yẹn náà ni Wi-Fi ilé ń kú. Ẹ fi power bank gbé e, kó máa kọ ohun tó kà sínú ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10-10, kó wá fi ránṣẹ́ sí fóònù bí Wi-Fi bá dé. Ẹ má ṣe é pé kí ESP32 máa sùn láàárín kíkà kan sí èkejì o: ọ̀pọ̀ power bank ló ń pa ara rẹ̀ tí iná tí wọ́n ń fà bá kéré jù.

Alásè Ọjà Ọba
Fíríìjì tí wọn ò ṣí máa ń mú òtútù tó wákàtí 4. Firísà tó kún, 48. Èyí tó kún dé ìdajì, 24. Ọbẹ̀, ẹran tàbí ẹja tó bá ti kọjá 4°C ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù. Ìrẹsì sísè ńkọ́? Májèlé tí kòkòrò Bacillus cereus bá ti tú sínú rẹ̀, gbígbóná kò lè pa á.

Wàrà ní tirẹ̀, inú omi rẹ̀ ni kó wà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń fà, ẹ má tọ́ ọ wò.

Ká má baà máa da oúnjẹ nù, ẹ má gbé odindi ìkòkò gbígbóná wọ fíríìjì. Ẹ bù ú sí abọ́ tí kò jìn, kó tètè tutù. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ìdérí, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ sè é sí i. Ọjọ́ 3 sí 4 ni ọbẹ̀ ń lò. Èyí tẹ́ ò ní jẹ tán láàárín ìgbà yẹn, firísà ni kó kọ́kọ́ wọ̀.

Ìyá Àlí, Tanke
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé ESP32 kan lè ṣọ́ fíríìjì àti firísà pọ̀?

Ẹlẹ́rọ Gáà Àkànbí
Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ so irin kejì mọ́ ibi kan náà, résísítọ̀ kan tó fún méjèèjì. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, torí náà ẹ ka nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sàmì sí wáyà kẹ́ ẹ tó tì wọ́n wọlé. Ẹ gba wáyà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara fíríìjì, kí rọ́bà lè pa dé dáadáa.