Èsì: "Ayé ayédèrú" kọ́ o, ẹ jẹ́ ká yẹ "ayé àfẹ̀rọdá" wò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà tí olùkọ́ kan láàárín wa ti béèrè pé kí ni kí òun máa pe ayé inú kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀, tó ń rìn nínú rẹ̀, tó ń pàdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, tó sì ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "virtual world" ló ní lọ́kàn. Ìdáhùn tó ti wọlé títí di òní ni "ayé ayédèrú", "ayé àfojúinúwò", "ayé àfarawé" àti "ayé àtọwọ́dá". Ẹnìkan tún ní ká má yọ ara wa lẹ́nu rárá, ká ṣáà máa pè é ní Second Life, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kẹ́yìn yẹn kúrò nílẹ̀. Second Life, tí ilé-iṣẹ́ Linden Lab gbé jáde lọ́dún 2003, ọ̀kan péré ni láàárín ọ̀pọ̀. Active Worlds ti wà láti 1995. Nígbà tí Linden Lab kéde lọ́dún 2010 pé òun máa fòpin sí ẹ̀dínwó tí òun ń ṣe fáwọn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ kan kó ẹrù wọn lọ sórí OpenSimulator, ètò kọ̀ǹpútà fún irú ayé yìí tí ẹnikẹ́ni lè gbé ka orí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Irú ayé bẹ́ẹ̀ mìíràn, AltspaceVR, kógbá sílé lọ́dún 2023, Mozilla Hubs tẹ̀ lé e lọ́dún 2024. Bí a bá so orúkọ mọ́ ọjà ẹnìkan, ọjọ́ tí ọjà náà bá tú lorúkọ náà di aláìníbaba.

Ó wá kan "ayé ayédèrú". Ẹ̀gbọ́n wa tó dá a ní ohun tí "virtual" túmọ̀ sí ni ohun tí kì í ṣe gidi. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé nǹkan kan kò ní ara tí a lè fọwọ́ bà, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ohun tó ní ara ń ṣe lòun náà ń ṣe. Ayédèrú ní tirẹ̀ ní ẹ̀tàn nínú. Ẹni tó tẹ owó ayédèrú fẹ́ kó o gbà pé ojúlówó ni, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó po oògùn ayédèrú. Ta ló tan akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ inú ayé kọ̀ǹpútà? Ó mọ̀ dájú pé orí àga lòun jókòó sí. Ẹ tiẹ̀ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa gbé wa dé: bí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ayé ayédèrú, irú ìwé-ẹ̀rí wo ni ká fún un?

"Àfojúinúwò" ló gba èrò jù lọ́dọ̀ mi, torí ó dùn létí, ó sì bá ìlò èdè mu. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú inú mi, èmi nìkan ni mo ni ín. Ẹ ò lè wọ ibẹ̀ wá bá mi, mi ò sì lè gbé ìwé kan síbẹ̀ lálẹ́ kí ẹ wá mú un láàárọ̀. Ayé tí à ń wí yìí, gbogbo wa la jọ ń wọ̀ ọ́. Bí mo bá jáde, kò parẹ́. Ẹni tó kù níbẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ, ilé tí mo kọ́ sì ń dúró dè mí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àlá nìyẹn pẹ̀lú, kí ẹni tó fẹ́ dábàá "ayé ojú àlá" tètè gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé. Chris Dede àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ṣe ìlú kan sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní River City, ìlú Amẹ́ríkà bí i ti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àìsàn ń jà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé ní ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá àwọn ará ìlú lẹ́nu wò, wọ́n á bu omi, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ka kòkòrò àrùn tó wà nínú rẹ̀. Àìsàn kan ń ti inú omi wá, ẹ̀fọn ń gbé òmíràn kiri, òmíràn sì ń ràn láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Gbogbo rẹ̀ lọ́ mọ́ra débi pé ẹni tó bá yára dá ẹjọ́ á ṣìnà. Ẹgbẹ́ kan á dábàá ìdí kan, á yí nǹkan kan ṣoṣo padà nínú ìlú náà, á sì wò ó bóyá àwọn aláìsàn dín kù. Ẹ gbà mí o: bó bá jẹ́ pé olúkúlùkù ló ń fojú inú wo omi tirẹ̀, orí omi wo ni wọ́n fẹ́ jọ jiyàn lé?

Ẹnìkan bi mí lẹ́yìn náà pé ṣé kì í ṣe "ayé aláwòrán" ló yẹ nígbà náà. Rárá. Nígbà tí Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ MUD, eré orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ wọ̀, ní Yunifásítì Essex lọ́dún 1978, tí Richard Bartle sì wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń sọ ibi tó o dúró sí fún ọ, ìwọ náà á tẹ ọ̀rọ̀ láti sọ ibi tó ò ń lọ. Ayé ni síbẹ̀, torí èèyàn bíi mélòó kan ló jọ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò ní pẹ́ lórí "àfarawé". Ẹ̀rọ tí Edwin Link ṣe lọ́dún 1929, tí awakọ̀ òfúrufú fi ń kọ́ṣẹ́ láìkúrò nílẹ̀, àfarawé gidi nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ náà sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ físíìsì tó kọ́ ayé kan, tó wá sọ pé níbí, ohun tí a bá jù sókè kì í wálẹ̀ mọ́, ta ló ń fara wé?

"Àtọwọ́dá" fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, "ọgbọ́n àtọwọ́dá", tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "artificial intelligence", sì ti là ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé adágún omi àtọwọ́dá wà, o sì lè wẹ̀ nínú rẹ̀ kí ara rẹ tutù. Ẹ̀rọ ló gbé ayé tiwa yìí ró. Bí iná ẹ̀rọ bá kú, ó parí. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ayé àfẹ̀rọdá". Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní Elédùmarè nìkan ló ń dá ayé. Àgbẹ̀ ń dáko, èèyàn ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní asọ̀rọ̀-òdì.

Ó ku "avatar", ara tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù ni "aṣojú". Ẹni tó rán aṣojú lọ, òun fúnra rẹ̀ kò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ o, òun ló ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, bó bá sì di ọ̀la, òun ló lè gba ipò aláìsàn. Inú èdè Sanskrit ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: sísọ̀kalẹ̀ òrìṣà wá sílé ayé nínú ara mìíràn. Àwa náà máa ń sọ ọ́ pé ẹnìkan gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀. Mo bá ní "àgbéwọ̀", ohun tí a gbé wọ̀. "Àgbéwọ̀ mi ga jù mí lọ." "Pààrọ̀ àgbéwọ̀ rẹ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀." Ó rọrùn lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní ká pe bí ayé náà ṣe ń gba ọkàn èèyàn ní "ìrìbọmi", kó rántí pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ní onílé. A ti máa ń sọ pé nǹkan wọ èèyàn lára; "ìwọnilára" á ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ló kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. "Wọlé" kò ní wàhálà. Ìjáde ni iṣẹ́ wà, nítorí "ayé" tí a mú yìí. Mo ti rí i nínú àpẹẹrẹ tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ pé: "Lẹ́yìn ìdánwò, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi ayé náà sílẹ̀." Ẹ máa kọ "jáde", ẹ̀yin èèyàn mi, kí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn.