Áńpù tí mo fi ń dá kọrin: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onígìtá tí ẹ máa ń dá kọrin. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi gìtá onígi kan àti ohùn ara mi jẹun, níbi ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí àti ilé oúnjẹ kéékèèké. Áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá àti màíkì sókè, mẹ́ta ni mo ti lò. Owó tí mo fi kọ́gbọ́n lára méjì àkọ́kọ́ dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń tu owó jọ báyìí láti ra tirẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, inú mi sì dùn débi pé n kò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Alẹ́ ọjọ́ tó dé ni mo ki wáyà rẹ̀ bọ sókẹ́ẹ̀tì. Ó dún "pà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn wáyà jíjó sì gba gbogbo yàrá. Nígbà tí oníṣẹ́ tú u, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n kà á: 120V. Iná tiwa níbí, 230 ni. Transformer inú rẹ̀ ti jó, a wá irú rẹ̀ títí, a ò rí. Àwọn áńpù kan wà tí adaptor wọn ń gba 100 sí 240, ìyẹn kò léwu. Àwọn tó kù, ibi tí wọ́n bá ṣe wọ́n fún nìkan ni ẹ ti lè kì wọ́n bọ iná tààrà. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sanwó.

Èkejì, agídí ni mo fi rà á. Mo ní ẹ̀rọ tó bá tóbi ni yóò gbé mi níyì. Áńpù kíbọ́ọ̀dù ni, 100 wáàtì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà, nítorí náà owó mọ́tò ń jẹ lára owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù.

Ìkómọjáde kan ni, ní Òkè-Àdó. Ọmọ Ìkòyí ni bàbá ọmọ tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti fi jókòó ti bàbá àgbà kan ṣáájú kí n lè gba oríkì wọn dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n: ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gbọfà lẹ́yìn. Ìyá bàbá ọmọ jókòó síwájú, ó we gèlè aláwọ̀ ewé, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà nínú pọ́ọ̀sì. Ó tẹ́ etí sílẹ̀. Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀: "Kí ló wí?" Mo tún un kì. Ó tún béèrè. Nígbà kẹta, mo gbọ́ tó ní, "Ṣé ó ń kì wá ni, àbí ó ń gbàdúrà?" Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú pọ́ọ̀sì.

Owó kọ́ ló dùn mí. Oríkì ìdílé rẹ̀ ni mo gbé wá fún un, kò sì dé etí rẹ̀. Áńpù yẹn kò ní sípíkà kékeré tó ń gbé ìró tín-ín-rín jáde, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni f, s àti ṣ inú ọ̀rọ̀ wa ń gbé. Ìró ìsàlẹ̀ nìkan ló ń pariwo, gbùù, gbùù. Èmi náà tún wá fi ẹ́kò kún un, èyí tó ń mú kí ohùn máa tún ara rẹ̀ sọ, mo rò pé yóò dùn sí i. Ẹ́kò tó bá pọ̀ jù, ohùn òkè kan á ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti jáde, wọ́n á gun ara wọn, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Àwa tí ohùn ń sọ ọkọ di ọkọ̀, tó tún ń sọ ọ́ di ọkọ́, kò yẹ ká fi ẹ́kò ṣeré. Ká má tíì sọ pé jẹnẹrétọ̀ wọn kú kí n tó parí orin kejì, ẹnu lásán ni mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí mo lọ ra ẹ̀kẹta ní Èkó, ohùn ni mo fi yàn án. Mo gbé gìtá mi àti màíkì mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. (SM58 ni màíkì mi, kò nílò 48 volt, iná tí àwọn màíkì kan máa ń gbà láti ara áńpù. Kì í ṣe gbogbo áńpù kékeré ló ní in, ẹ béèrè.) Mo ní kí àbúrò mi lọ dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo kọ orin tí kò gbọ́ rí, mo ní kó máa kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Áńpù mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé jù lórí ìwé ni mo rà: Loudbox Mini Charge ti Fishman, 60 wáàtì, sípíkà 6.5 íǹṣì pẹ̀lú kékeré kan. Gìtá ní ihò tirẹ̀, màíkì ní tirẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú bọ́tìnì tí a fi ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bátìrì wà nínú rẹ̀, ó sì ti gbé mi fún wákàtí mẹ́rin rí láìfara kan iná ẹnikẹ́ni. Kò tó kílò mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Òṣogbo:

Ẹ ṣé é, ẹ̀gbọ́n. Roland AC-33 ni tèmi. Bátìrì mẹ́jọ ló ń lò, irú èyí tí à ń kì bọ aago ara ògiri. 30 wáàtì ni lórí iná, ó ń dín sí 20 lórí bátìrì. Kò tó kílò márùn-ún, orí itan ni mo máa ń gbé e lé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bátìrì tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà ló kọ́kọ́ dójú tì mí, orin karùn-ún ni gbogbo wọn kú. Láti ìgbà náà, èyí tó ṣeé ṣáájì ni mo ń lò, mẹ́jọ nínú ẹ̀rọ, mẹ́jọ nínú àpò.

Ohun tó wá yọ mí lẹ́nu jù ni igbe. Inú gìtá onígi ṣófo. Ìró tó bá ti ẹnu áńpù wọ inú rẹ̀ á tún gba wáyà padà sínú áńpù, á máa yípo bẹ́ẹ̀ títí á fi di "wúùùù". Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo máa ń gbé áńpù sí, tó kọjú sí ihò gìtá gan-an. Nísinsìnyí mo ń gbé e sórí àga oníke, díẹ̀ síwájú mi, kó kọjú sí àwọn èèyàn, mo sì ra rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi ń dí ihò gìtá. Igbe náà lọ.

Ṣùgbọ́n n kò bá yín fi ẹnu kò pé ohùn ni kí gbogbo ènìyàn fi yàn. Gìtá náà ní ẹnu tirẹ̀. Láti ìgbà tí Àyìndé Bàkàrè ti gbé gìtá oníná wọ inú jùjú ní 1949 ni gìtá ti rí ààyè dúró láàárín ìlù. Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣeré, wákàtí kan lè kọjá tí n kò ní la ẹnu. Èmi, gìtá ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rà á.

Peckham, London:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ́jú iná. Níbí, òfin ló ń yan áńpù fún wa. Láti 2021, ẹni tó bá fẹ́ kọrin ní ìgboro Westminster gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ojúkò ti wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀, wọn ò sì gba áńpù láàyè ní àwọn kan nínú wọn. Kékeré oníbátìrì ló bá wa mu.

Ẹni tó bá ń gbé e bọ̀ wálé, ẹ má di bátìrì lithium tó dá wà mọ́ ẹrù inú ikùn bàlúù. Ọwọ́ lẹ ó gbé e. Tí kò bá ju 100Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) lọ, kò sí wàhálà. Tó bá wà láàárín 100 sí 160, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn oníbàlúù.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ṣé 60 wáàtì yẹn tó níta gbangba? Màmá Ìkòyí yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n padà gbọ́ yín?

Ìbàdàn:

Lábẹ́ kánópì kan tàbí méjì, ó tó. Ẹ má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù fi wáàtì dẹ́rù bà yín: 120 wáàtì kì í dún ní ìlọ́po méjì 60, decibel (òṣùwọ̀n ìró) 3 péré ló fi jù ú. Tí ibẹ̀ bá gbòòrò, ihò kan wà lẹ́yìn tí wọ́n kọ DI sí, wáyà kan ni mo fi ń so ó mọ́ ẹ̀rọ ohùn ńlá tí wọ́n bá ní níbẹ̀.

Ẹ̀yin Òṣogbo, ẹ jàre mi lórí ti gìtá. Iṣẹ́ wa ò dọ́gba.

Màmá yẹn, wọ́n tún bímọ sílé wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè mí. Mo gbé áńpù lé orí àga, mo pa ẹ́kò rẹ́ pátápátá. Mo ní, "Ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí..." N kò tíì mí tí màmá fi gbà á lẹ́nu mi láti orí ìjókòó rẹ̀: "Tí kì í gbọfà lẹ́yìn! Iwájú gangan ni wọ́n fi í gbọgbẹ́!" Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn gìtá lẹ́nu mọ́, mo rìn lọ bá a, mo sì na màíkì sí i.