Irin ṣóńṣó wo ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ère idẹ Kénáánì?

Ajíwòran: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń wo àwòrán ère Báálì tó wà ní Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, èyí tí wọ́n hú ní Minet el-Beida, èbúté ìlú àtijọ́ Ugarit ní Síríà, lọ́dún 1929. Sẹ̀ǹtímítà 17.9 péré ni gíga rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ère irú rẹ̀ ló ní irin ṣóńṣó lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé wọ́n dìídì ṣe é ni? Kí ló dé tí ọwọ́ tí wọ́n nà sókè fi máa ń ṣófo?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ: Ojú ọ̀nà tí idẹ gbà wọlé ni. Ìda ni wọ́n fi mọ ère náà, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yan án títí ìda fi yọ́ jáde, wọ́n wá dorí rẹ̀ kodò, wọ́n sì da idẹ gba àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó gan sójú ọ̀nà, wọn ò gé e dànù. Òun ni wọ́n kì bọ inú ihò pákó tí ère máa dúró lé. Ọgbọ́n ìda yìí kan náà ni wọ́n lò ní Ifẹ̀, àmọ́ àwọn orí Ifẹ̀ ní ihò nínú. Ti Kénáánì kékeré wọ̀nyí, idẹ ló dì wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀.

Idẹ wúwo ju ìda lọ ní bí ìlọ́po 9. Ìda gíráàmù 20 máa jẹ idẹ 180, ti ojú ọ̀nà ò tíì sí níbẹ̀. Bàbà lásán ò ní yọ́ àfi tó bá gbóná dé 1,084°C. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ tánganran ìdá kan nínú mẹ́wàá, tó fi di idẹ, á yọ́ ní nǹkan bí 1,000.

Ọwọ́ tó nà sókè yẹn ló ń dani láàmú. Tí ère bá dorí kodò, ọwọ́ náà di kọ̀rọ̀ tí kò lójú àbáyọ: afẹ́fẹ́ lè há síbẹ̀, kí idẹ má dé ìka, tí wọn ò bá dá ihò tín-ín-rín sí i. Tí amọ̀ ò bá sì gbẹ, omi inú rẹ̀ á hó, á fọ́ ọ.

Ìṣẹ̀ǹbáyé: Ọwọ́ ò ṣófo látìbẹ̀rẹ̀ o. Ohun ìjà ló dì mú, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe é, wọ́n kàn kì í bọ̀ ọ́ ni, ìyẹn ló fi máa ń bọ́ sọnù. Ẹ sì rọra pe gbogbo wọn ní Báálì: wọn kì í sábà kọ orúkọ sára wọn, Rẹ́ṣẹ́fù, òrìṣà mìíràn, náà máa ń dúró bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ìda nìkan náà ni. Ní Nahariya, ní Ísírẹ́lì, òkúta tí wọ́n gbẹ́ àwòrán òrìṣà obìnrin sí ni wọ́n rí. Ère tí wọ́n bá dà sínú irú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ajíwòran: Ẹ ṣé gan-an. Wúrà tí mo rí lára díẹ̀ nínú wọn ńkọ́?

Ìṣẹ̀ǹbáyé: Wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé ni. Wọ́n á fa ojú ìlà sára idẹ, wọ́n á tẹ etí wúrà bọ̀ ọ́. Ère obìnrin inú ọkọ̀ tó rì ní Uluburun, ní Tọ́kì, orí, ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi wúrà bò. Tí idẹ bá dípẹtà lábẹ́ wúrà, á wú, á sì ya á.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ: Ẹ tún ṣọ́ra fún ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó bá ń hù lára irú ère bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ilẹ̀ ló wọnú idẹ. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ife idẹ. Ibi gbígbẹ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ má ju 40% lọ.